Páìpù Èéfín Wo Ló Yẹ Fún Ààrò Igi Àtijọ́?

Láti ọdún 2023 tí owó gáàsì ìdáná ti di ọ̀wọ́n gógó káàkiri orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ìdílé tó ti gbàgbé ààrò igi ló ti padà sí ìdí rẹ̀. Àwọn kan ní ààrò alámọ̀ tí ìyá àgbà lò ní ẹ̀yìnkùlé. Àwọn mìíràn ní èyí tí a fi bíríkì mọ mọ́ ògiri ilé ìdáná láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé náà. Wọ́n gbá eérú àtijọ́ kúrò nínú rẹ̀, wọ́n sì tún dá iná sí i. Ohun tí àwọn ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò ni ọ̀nà tí èéfín rẹ̀ máa gbà jáde. Páìpù tó wà lórí rẹ̀ lè ti dípẹtà, ó lè ti lu, ó sì lè jẹ́ wípé kò sí páìpù kankan níbẹ̀ rí.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ògiri tó dúdú tàbí aṣọ tó ń rùn nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣe ìṣirò rẹ̀ wípé ní ọdún 2020, èéfín tí ìdáná ń rú sínú ilé fa ikú ènìyàn tó tó mílíọ̀nù 3.2 lágbàáyé, àti wípé àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún láàrin wọn lé ní 237,000. Òtútù àyà ló ń pa àwọn ọmọdé wọ̀nyí jù. Ní ti àwọn àgbàlagbà, àrùn ọkàn, àrùn rọpárọsẹ̀, ikọ́ àti èémí kúkúrú tí kì í lọ bọ̀rọ̀, àti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n kà sí i lọ́rùn. Èéfín igi tún wà lára ohun tó ń mú kí awọ funfun bo ẹyinjú àwọn obìnrin tó ti dáná igi fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ̀rí kan wà nítòsí. Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ṣe ní ìlú Ìbàdàn, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2017 àti 2018, kó aláboyún 324 jọ. Wọ́n fún àwọn kan nínú wọn ní sítóòfù tó ń lo ethanol, èyí tí kì í rú èéfín tó bẹ́ẹ̀, àwọn yòókù sì ń bá igi tàbí kẹrosíìnì wọn lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru mú ìdá 6.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń lo igi àti kẹrosíìnì, ṣùgbọ́n ìdá 1.9 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń lo ethanol ló mú. Ẹni tó bá mọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń ṣe fún aláboyún lọ́jọ́ ìrọbí yóò mọ̀ wípé ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré.

Kò sí oníṣègùn tí kò ní sọ wípé gáàsì tàbí iná mànàmáná ló dára jù láti fi dáná. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn yẹn kò wúlò fún ẹni tí kò ní owó gáàsì lóṣù yìí. Ohun tí irú ìdílé bẹ́ẹ̀ lè ṣe lónìí ni kí wọ́n wá páìpù tó yẹ fún ààrò wọn, kí èéfín lè kúrò ní iwájú ìyá tó ń dáná àti ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn.

Ohun tí páìpù lè ṣe, àti ohun tí kò lè ṣe

Láàrin ọdún 2002 sí 2004, àwọn olùwádìí lọ sí orí òkè ní orílẹ̀-èdè Guatemala, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń dáná igi sí àárín ilé. Wọ́n kó ìdílé tó lé ní 500 jọ, wọ́n sì mọ ààrò tó ní páìpù èéfín fún nǹkan bí ìdajì wọn. Ìdajì yòókù dúró lórí iná orí ilẹ̀ títí ìwádìí fi parí. Ìwé ìròyìn ìṣègùn tí a ń pè ní Lancet gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2011. Èéfín tí àwọn ọmọ ọwọ́ ń fà símú ní ilé tó ní páìpù dín kù sí ìdajì, òtútù àyà tó le gan-an sì dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Àmọ́ ṣá o, bí a bá ka gbogbo òtútù àyà pọ̀, tó fi mọ́ èyí tí kò le, ìdínkù náà kò tó bí wọ́n ṣe rò.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Páìpù kì í pa èéfín, ńṣe ló ń kó o síta. Bí ó bá kó o sí ẹnu fèrèsé yàrá, tàbí sí àgbàlá tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré, èéfín náà yóò padà wọlé. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra páìpù ní láti béèrè ju ẹyọ ìbéèrè kan lọ: báwo ló ṣe yẹ kó fẹ̀ tó, kí ni a fi ṣe é, níbo ló máa gbà kọjá, ibo ló sì máa yọ orí sí?

Fífẹ̀ rẹ̀

Ooru ló ń gbé èéfín. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ tútù lọ, nítorí náà ó ń gòkè nínú páìpù, bí ó sì ṣe ń gòkè ni ó ń fa afẹ́fẹ́ tuntun wọ ẹnu ààrò láti ìsàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ tuntun yìí ló ń jẹ́ kí igi jó dáadáa. Bí páìpù bá ti ga sí i, tí inú rẹ̀ sì gbóná, bẹ́ẹ̀ ni agbára tó fi ń fa èéfín ń pọ̀ sí i. Ohunkóhun tó bá mú kí èéfín tutù kí ó tó dé òkè yóò dín agbára yìí kù.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe àṣìṣe. Wọ́n gbà wípé bí páìpù bá ṣe fẹ̀ tó ni èéfín ṣe máa jáde tó. Òótọ́ ni wípé páìpù tó há jù yóò dá èéfín padà sínú ilé ìdáná. Ṣùgbọ́n èyí tó fẹ̀ jù náà ní wàhálà tirẹ̀. Èéfín yóò rọra máa rìn nínú rẹ̀, yóò tutù, omi àti ohun dúdú tó dà bí ọ̀dà yóò sì máa lẹ̀ mọ́ inú páìpù. Ó tún yẹ kí á rántí wípé fífẹ̀ kì í pọ̀ bí ojú ṣe ń wò ó. Páìpù ínǹṣì 8 kì í ṣe ìlọ́po méjì páìpù ínǹṣì 4. Bí a bá wọn àyè inú wọn, ìlọ́po mẹ́rin ni.

Fún ààrò kékeré tí ìkòkò kan tàbí méjì ń jókòó lé, páìpù ínǹṣì 4 ni wọ́n sábà máa ń lò. Fún ààrò ńlá, irú èyí tí wọ́n fi ń dáná ilé ìwé tàbí èyí tí àwọn ìyá wa fi ń yan gàrí, ínǹṣì 6 ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Bí ààrò náà bá jẹ́ onírin tí a rà lọ́jà, tó sì ti ní ẹnu èéfín tirẹ̀, ẹnu yẹn ni kí wọ́n wọ̀n, kí páìpù sì bá a dọ́gba láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Kò gbọdọ̀ sí ibi kankan tí páìpù ti há ju ẹnu ààrò lọ. Àwọn tó ń ra àjákù páìpù kéékèèké, tí wọ́n wá ń ti ọ̀kan bọ inú èkejì, ló sábà máa ń bọ́ sínú àṣìṣe yìí.

Bí ihò èéfín bíríkì bá ti wà nílẹ̀

Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ló ti ní ihò èéfín tí a fi bíríkì mọ. A rí i ní ilé ìdáná àwọn ilé míṣọ́nnárì àti ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn. Ní ìlú Jos, níbi tí òtútù ọyẹ́ ti ń mú ju ti ìlú púpọ̀ lọ, àwọn ilé àtijọ́ kan ní ibi ìyáná nínú pálọ̀ pàápàá. Ẹni tó bá jogún irú ilé bẹ́ẹ̀ tàbí tó gbà á lọ́yà lè rò wípé ìṣòro òun ti tán: kí wọ́n ṣáà ti gbé ààrò onírin kan sínú ihò náà, kí èéfín wá ibi gbà.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti dán èyí wò, ojú wọn sì rí i. Lẹ́yìn tí epo rọ̀bì di ọ̀wọ́n lágbàáyé ní ọdún 1973 àti 1979, ọ̀pọ̀ wọn padà sí iná igi. Wọ́n ń ra ààrò onírin, wọ́n ń tì í bọ inú ibi ìyáná àtijọ́, láìso páìpù kankan mọ́ ọn. Èéfín láti inú ààrò kékeré yìí ń tú sínú ihò bíríkì ńlá tí a mọ fún iná gbangba. Kò lágbára tó láti mú gbogbo ihò náà gbóná. Ó tutù, ọ̀dà rẹ̀ lẹ̀ mọ́ bíríkì, ó ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, títí di ọjọ́ tí ìṣáná kan fi ràn mọ́ ọn, tí gbogbo inú ihò èéfín sì gbiná. Iná inú ihò èéfín lè gbóná ju ìwọ̀n 1,000 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bíríkì àtijọ́ tó ti sán, tí sìmẹ́ńtì àárín rẹ̀ ti jẹ dànù, kò lè dá irú iná bẹ́ẹ̀ dúró kó má ràn mọ́ igi òrùlé.

Láti inú ìrírí bẹ́ẹ̀ ni ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀lé lónìí ti wá. Àyè inú ihò èéfín kò gbọdọ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta àyè ẹnu ààrò lọ bí ihò náà bá wà láàrin ilé. Bí ó bá wà lára ògiri ìta tí òtútù ń fẹ́ sí, kò gbọdọ̀ ju ìlọ́po méjì lọ. Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Ààrò onírin tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 6 ní àyè tó tó ínǹṣì 28 níbùú-lóròó. Ihò bíríkì tó jẹ́ ínǹṣì 12 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àyè 144. Ìlọ́po márùn-ún ni ìyẹn, ó sì ti kọjá ààlà.

Ohun tó tọ́ ni kí wọ́n ti páìpù kan gba inú ihò bíríkì náà, láti ẹnu ààrò títí dé òkè pátápátá, kí èéfín má baà kan bíríkì níbì kankan. Kì í ṣe kí páìpù gùn díẹ̀ wọ inú ihò, kó sì dúró síbẹ̀, bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe láti fi dín owó kù. Wọ́n á dí àyè tó kù láàrin páìpù àti bíríkì pa ní ìsàlẹ̀ àti ní òkè. Bí àyè bá gbà á, wọ́n á fi ohun tí kì í jóná, tó sì ń pa ooru mọ́, yí páìpù náà ká, kí inú rẹ̀ má baà tètè tutù. Kí wọ́n tó ṣe gbogbo èyí, bíríkìlà tó mọṣẹ́ ní láti yẹ ihò náà wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìtẹ́ ẹyẹ, òkúta tó já bọ́, àti agbọ́n pàápàá ni wọ́n máa ń bá nínú rẹ̀.

Ohun tí a fi ṣe é

Lọ́jà, ohun tó bá wà lọ́wọ́ ni àwọn ènìyàn máa ń lò. Èyí tó burú jù ni páìpù oníke, irú èyí tí omi ń gbà kọjá. Ooru díẹ̀ ló ń mú kó rọ̀, bí ó bá sì jóná, èéfín tirẹ̀ ní oró tó ń ta ọ̀nà ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró. Kò yẹ kó sún mọ́ ààrò rárá.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni alumíníọ̀mù, èyí tí ọ̀pọ̀ páànù òde òní jẹ́. Ó fúyẹ́, kì í dípẹtà, káfíńtà sì lè fi àjákù páànù ká a bíi páìpù láàrin wákàtí kan. Ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù ń yọ́ bí ooru bá ti dé ìwọ̀n 660 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní ọjọ́ tí iná bá ràn mọ́ ọ̀dà inú rẹ̀, kò ní sí páìpù mọ́. Àwọn ẹ̀rọ tó ń lo gáàsì ni irú páìpù bẹ́ẹ̀ wà fún, kì í ṣe iná igi.

Páànù àtijọ́ tí a fi síǹkì bò náà ní ìṣòro. Síǹkì ń yọ́ ní ìwọ̀n 420, bí ooru bá sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń rú èéfín tó ń fa ibà, ara ríro àti ikọ́, irú èyí tí àwọn wẹ́dà mọ̀ dáadáa. Nígbà tí síǹkì bá ti kúrò, irin tó kù lábẹ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́, òjò ọdún kan tàbí méjì sì tó láti lù ú. Bí kò bá sí ohun mìíràn, ìdílé lè lò ó ní apá òkè tó jìnnà sí iná, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ kí ó tó lu. Èyí tó wà lórí ẹnu ààrò gan-an ní láti jẹ́ irin tó nípọn.

Irin dúdú tó nípọn, tí wẹ́dà àdúgbò lè ká, kí ó sì jó pọ̀, ń gba ooru dáadáa. Ìpẹtà ni ọ̀tá rẹ̀, nítorí omi inú èéfín igi ní èròjà kíkan tó ń jẹ irin láti inú, òjò sì ń jẹ ẹ́ láti òde. Irin tí kì í dípẹtà ló dára ju gbogbo wọn lọ. Òun ni wọ́n ń lò jù ní àwọn orílẹ̀-èdè olótùútù báyìí fún títì bọ inú ihò bíríkì àtijọ́. Níbẹ̀, kí wọ́n tó gba irú páìpù kan láyè fún iná igi, wọ́n máa ń fi ooru tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwọ̀n 1,150 dán an wò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Iná tó burú jù ni wọ́n fi ń wọn páìpù, kì í ṣe iná ojoojúmọ́. Owó rẹ̀ pọ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo páìpù ló ní láti jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mítà kan àkọ́kọ́ lórí ààrò ló ń rí ooru jù.

Amọ̀ náà kò ṣeé fojú tẹ́ńbẹ́lú. Kí irin tó gbòde, amọ̀ tí a sun ni wọ́n ń tẹ́ sínú ihò èéfín ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ títí di òní. Kì í dípẹtà, kì í yọ́. Àléébù rẹ̀ ni wípé ó máa ń sán bí ooru bá dé sí i lójijì. Ní ilẹ̀ tí iṣẹ́ ìkòkò kò tíì parun, irú bí àdúgbò Dada ní ìlú Ìlọrin, ọwọ́ tó lè mọ irú páìpù bẹ́ẹ̀ kò jìnnà. Òrùka amọ̀ tó nípọn, tí a sun dáadáa, tí a to ọ̀kan lé èkejì, tí a sì fi amọ̀ lẹ̀ pọ̀, lè ṣiṣẹ́ yìí fún ààrò ilé, bí ìdílé bá ń yẹ ojú rẹ̀ wò fún ibi tó ti sán.

Ewu kan tún wà tí kò kan páìpù fúnra rẹ̀, tó sì burú ju ọ̀pọ̀ ohun tí a ti sọ lọ. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Nàìjíríà ló ní òrùlé tàbí sílíńgì asbestos. Bí káfíńtà bá fi ayùn gé ihò sí i láti ti páìpù kọjá, eruku tó ń jáde ní okùn tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú kò lè rí. Bí ènìyàn bá fà á símú, ó lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró àti ti awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró, èyí tó lè tó ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó yọjú. WHO ti kéde wípé gbogbo irú asbestos ló ń fa jẹjẹrẹ. Bí sílíńgì bá jẹ́ asbestos, kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì darí páìpù gba inú ògiri jáde. Bákan náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ra àjákù páìpù asbestos àtijọ́ nítorí wípé kì í jóná.

Ibi tó gbà kọjá, àti ibi tó yọ orí sí

Páìpù onípele kan máa ń gbóná tó láti dáná ran pákó tó wà nítòsí rẹ̀ láìfi ara kàn án. Ìlànà tí wọ́n ń lò ni wípé kí ó jìnnà tó ínǹṣì 18 sí igi, pákó, aṣọ tàbí koríko. Níbi tó bá ti kọjá nínú òrùlé, wọ́n ní láti gé àyè tó fẹ̀ dáadáa, kí wọ́n fi irin bò ó, kí igi òrùlé má baà kàn án. Bí òrùlé ilé ìdáná bá jẹ́ ti koríko tàbí imọ̀ ọ̀pẹ, ó sàn kí páìpù gba ara ògiri jáde, kí ó sì gòkè ní ìta, níbi tó jìnnà sí etí òrùlé.

Bí páìpù bá ṣe ń lọ tààrà tó ni ó ń dára tó. Bí ó bá di dandan kó tẹ̀, kí ó tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ó má ṣe ṣẹ́ ní igun bí apá àga. Orí rẹ̀ ní láti ga ju ohunkóhun tó wà láàrin ẹsẹ̀ bàtà 10 sí i lọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ bàtà 2, ó kéré tán. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ kọjá lórí òrùlé yóò máa ti èéfín padà sísàlẹ̀. Wọ́n á fi fìlà irin bò ó lórí nítorí òjò, ṣùgbọ́n fìlà náà kò gbọdọ̀ sún mọ́ ẹnu páìpù tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi dí i.

Ọ̀nà kan tó rọrùn wà láti mọ̀ bóyá páìpù ń fà. Kí iná tó wà níbẹ̀, kí wọ́n fi ìṣáná ran bébà kékeré kan ní ẹnu ààrò, kí wọ́n pa á, kí wọ́n sì wo èéfín rẹ̀. Bí ó bá wọ inú ààrò lọ sókè, ó dára. Bí ó bá ń padà sí ojú ẹni tó mú un lọ́wọ́, kí wọ́n má ṣe tíì dá iná títí wọn yóò fi mọ ohun tó ń dí i.

Gbígbá inú rẹ̀

Igi tútù ni olórí ohun tó ń ba páìpù jẹ́. Omi inú rẹ̀ ń pa ooru iná, èéfín rẹ̀ nípọn, ọ̀dà rẹ̀ sì pọ̀. Igi tí a là, tí a tò síbi tí òjò kò dé, tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ sí fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà, yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé láàárọ̀. Nínú igi gbígbẹ, omi kò gbọdọ̀ ju ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Etí lè mọ̀ ọ́n: bí a bá lu igi gbígbẹ méjì mọ́ra wọn, wọ́n ń dún gbà-gbà, igi tútù kì í dún bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ó kéré tán, ni wọ́n ní láti gbá inú páìpù. Ilé tó ń dáná igi lójoojúmọ́ ní láti ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ. Páìpù tí a bá ṣe ẹnu kékeré tó ṣeé ṣí sí ní ìsàlẹ̀ ń mú iṣẹ́ yìí rọrùn. Ẹni tó ń gbá a gbọdọ̀ bo imú àti ẹnu, kí ó wọ aṣọ tó bo ara, kí ó sì wẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Èyí kì í ṣe àṣejù. Ní ọdún 1775, oníṣẹ́ abẹ kan ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, Percivall Pott, ṣàkíyèsí wípé jẹjẹrẹ kan ń mú awọ tó bo kórópọ̀n àwọn tó ti ń gun inú ihò èéfín láti kékeré láti gbá a, ó sì sọ wípé dúdú èéfín tó ń lẹ̀ mọ́ wọn lára ló fà á. Lára àwọn ẹ̀rí àkọ́kọ́ nìyẹn nínú ìmọ̀ ìṣègùn wípé ohun tí ènìyàn ń bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́ lè fa jẹjẹrẹ. Kò yẹ kí wọ́n rán ọmọdé ní irú iṣẹ́ yìí.

Èyí tí ojú kò rí

Yorùbá máa ń sọ wípé èéfín ni ìwà, nítorí kò sí bí a ṣe lè bò ó mọ́lẹ̀ tí kò ní yọ. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí igi àti èédú ń tú jáde, ọ̀kan wà tí kì í yọ rárá. Carbon monoxide kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ojú. Bí ènìyàn bá fà á símú, ó ń di mọ́ ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú agbára tó lé ní ìlọ́po 200 ti afẹ́fẹ́ oxygen tí a fi ń mí, kò sì ní jẹ́ kí oxygen rí àyè. Páìpù tó dí, tó lu, tàbí tí afẹ́fẹ́ ń tì padà lè kún ilé ìdáná pẹ̀lú rẹ̀, pàápàá nígbà tí iná bá ti rọlẹ̀ di ẹyín iná, tí kò sì sí èéfín tó hàn mọ́. Àkókò yẹn gan-an ni àwọn ènìyàn máa ń ti ilẹ̀kùn, tí wọ́n sì ń sùn.

Fún ìdí kan náà ni ìkòkò èédú tí wọ́n ń gbé wọ yàrá ní ìgbà ọyẹ́ fi léwu ju ààrò lọ. Kò ní páìpù kankan, kò sì sí páìpù tí a lè rà fún un. Ìta ni àyè rẹ̀. Níbi tí ààrò bá ti wà nínú ilé tí àwọn ènìyàn ń sùn sí, ẹ̀rọ kékeré tó ń dún bí carbon monoxide bá pọ̀ wà fún títà, ìdílé tó bá lágbára rẹ̀ lè gbé e kọ́ yàrá.

Ẹ̀fọ́rí, òòyì, èébì, àárẹ̀ àti kí ọkàn máa pòrúùru ni àmì rẹ̀. Wọ́n jọ ti ibà tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń lo oògùn ibà sí i. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni wípé gbogbo ará ilé lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn lẹ́ẹ̀kan náà, tí ara wọn á sì fúyẹ́ bí wọ́n bá jáde síta. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, kí gbogbo wọn jáde lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀, kí wọ́n sì gbé ẹni tí kò bá lè dìde tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ṣe wọ́gọwọ̀gọ lọ sí ilé ìwòsàn láìdúró de ilẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n bá débẹ̀, kí wọ́n sọ fún dókítà wípé iná igi tàbí èédú ń jó nínú ilé, nítorí àyẹ̀wò ibà kò lè fi carbon monoxide hàn.